Àkànní, Ẹ́ńjìnì Nìkan Lo Pààrọ̀

Wọlé, Àkànní, ọkọ mi. Fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn sórí tábìlì kí o tó jókòó. Má fi sápò, orí tábìlì ni mo wí, níbi tí ojú mi ti lè tó o. Omi tútù wà nínú kúlà. Mo ti ro àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ń gbóná lọ́wọ́, mo sì yọ ṣàkì sọ́tọ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló máa ṣíwájú oúnjẹ lónìí, torí mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. Bí o bá ti yó tán, oorun á máa kùn ọ́, o ó wá máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni mà" sí ohun tí o kò gbọ́.

Àyà mi kò tíì balẹ̀ láti àná. O rò pé mi ò rí ọ, mo sì rí ọ dáadáa. A ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Mápó, à ń bọ̀ ní Bẹẹrẹ, o ń ròyìn fún mi bí ẹ́ńjìnì tuntun yìí ṣe ń fà, bí o ṣe ń yọ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́. Mícrà kan ṣàdédé dúró níwájú wa láti gbé èrò. O tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ò dáhùn. O wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, o di sítíárì mú gírígírí, ìdí rẹ kúrò lórí àga, iṣan ọrùn rẹ sì yọ síta. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dúró, àlàfo tó kù láàárín àwa àti Mícrà yẹn kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn Mícrà náà, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí ojú padà ó wò wá. Títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ojú obìnrin yẹn ni mò ń rí.

Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní, "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Bíréèkì yẹn kàn le díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnì wọlé ni. Ó ti ń mọ́ mi lára." Ó ti ń mọ́ ọ lára, Àkànní! Gbólóhùn yẹn ló gba oorun lójú mi. Òun ni mo ṣe ní kí o fi ọkọ̀ sílẹ̀ síwájú ilé mi, kí o gun ọ̀kadà lọ sílé.

Ní ìdájí òní, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo jáde. O mọ̀ pé ilẹ̀kùn ọ̀tún kò ní kọ́kọ́rọ́ láti ayé bàbá rẹ. Mo fà á, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta pààtì ọkọ̀ ní Àràrọ̀mí, ní Agodi Gate. Kò sí ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Hilux tí ọwọ́ mi ò tíì kàn rí. Gbọ́ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Booster bíréèkì rẹ, agolo dúdú rìbìtì tó wà lẹ́yìn pẹ́dà yẹn, họ́ọ̀sì kan ló yẹ kó jáde lára rẹ̀ kó wọ ara ẹ́ńjìnì. Họ́ọ̀sì náà wà. Wọ́n ká ẹnu rẹ̀ kò bí ẹni ká ẹnu ọ̀rá gaàrí, wọ́n fi rọ́bà túùbù dè é yíká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n wá fi há ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Ihò tó yẹ kó wọ̀ sì wà lára ẹ́ńjìnì tuntun náà, kò jìnnà tó gígùn apá mi yìí, ìdérí rọ́bà kékeré kan ni wọ́n fi dí i. Àwọn méjèèjì kọjú síra wọn, kò sẹ́ni tó so wọ́n pọ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, omi sì bọ́ lójú mi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ, torí ẹni tó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ní ìdérí kan ní ọ̀nà èémí rẹ̀. Bí o bá tẹ tọ́tù, ìdérí náà á ṣí. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á pa dé, ẹ́ńjìnì á wá máa fa afẹ́fẹ́ kíkankíkan bí ọmọ tó ń fa ìgò tí ihò rẹ̀ ti dí. Fífà yẹn ni booster ń lò láti bá ọ tẹ bíréèkì. Dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kò ní irú ìdérí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, epo nìkan ni wọ́n ń bù sí i tàbí tí wọ́n ń bù kúrò, kò wá ní fífà kankan tí booster lè lò. Ohun tí Toyota ṣe sí ẹ́ńjìnì 2L bàbá rẹ ni pé wọ́n gbé pọ́ǹpù kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alternator. Pọ́ǹpù yẹn ló ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú booster. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá rẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú mi, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì ti rà á lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tí wọ́n wá yọ 2L, alternator bá a lọ, pọ́ǹpù bá alternator lọ, bíréèkì rẹ náà sì bá pọ́ǹpù lọ. Ẹsẹ̀ rẹ lásán lo fi ń dá irin tó lé ní tọ́ọ̀nù kan dúró, kí a tó ka ẹrù àti èèyàn inú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí àwa ará Gate fi ń dán an wò, kò gba irinṣẹ́ kankan. Pa ẹ́ńjìnì. Tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí á fi le bí òkúta. Fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, má gbé e kúrò, kí o wá sitáàtì. Bí booster bá ń ṣiṣẹ́, wàá rí i pé pẹ́dà rọra rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Tìrẹ kò ní mì. Bí o bá jẹun tán, a ó jọ jáde, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbọ́ ọ.

Má rò pé ìdí tí mo fi ń bínú ni pé o pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Èèyàn ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnì lójoojúmọ́. Mo mọ ohun tó sún ọ ṣe é. Ní 2022, nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì fò kọjá ₦700 lítà kan, bẹntiróòlù sì wà lábẹ́ ₦200 torí pé ìjọba ṣì ń san owó ìrànwọ́ lé e lórí. Ìgbà yẹn lo wá jókòó sórí àga tí o jókòó sí yìí, o fi báírò ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn káàdì ìgbéyàwó kan, o ní o fẹ́ sọ píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ di ti bẹntiróòlù. Ìṣirò rẹ péye lọ́jọ́ náà, mi ò bá ọ jiyàn. Mo kàn ní kí o ní sùúrù, torí iye owó epo ń yí, ẹ́ńjìnì kì í bá a yí.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ bẹntiróòlù ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti sún mọ́ ₦500. Nígbà tó fi di oṣù Keje, ó ti lé ní ₦600. Oṣù Kẹwàá 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Gbogbo ìgbà yìí, ìwọ ń kó owó ẹ́ńjìnì jọ díẹ̀díẹ̀, o ò sì tún ìṣirò yẹn ṣe. Èrè tí o tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti fò lọ kí ẹ́ńjìnì tó dé Ìbàdàn.

Ohun mìíràn wà tí kò sí lẹ́yìn káàdì ìgbéyàwó yẹn. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní agbára nínú ju lítà bẹntiróòlù kan lọ, ó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. 2L yẹn sì máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 22 kó tó jó epo, débi pé ooru ìfúnpọ̀ yẹn nìkan ló ń dáná sí i, kò sí púlọ́ọ̀gì kankan tó ń ta iná. 3RZ tí o gbé wá kò fún un ju ìlọ́po 9.5 lọ. Òun náà ló fà á tí dísẹ́ẹ̀lì fi ń rìn jìnnà lórí epo díẹ̀. Bàbá rẹ kì í ka irú nǹkan báwọ̀nyí nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Yóò rọ epo kún tánkì níbí, yóò lọ Ṣakí, yóò ru iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bọ̀, epo á sì ṣẹ́ kù. Láàárọ̀ kùtù, kó tó fọ ẹnu, yóò ṣí kọ́ọ̀kì kékeré abẹ́ fílítà, yóò jẹ́ kí omi tó rì sísàlẹ̀ epo kán jáde sínú agolo mílíìkì. Agolo náà wà nílé yín títí di òní, ìyá rẹ kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Èyí tó sì dùn mí jù, o ta 2L yẹn fún àwọn onírin àlòkù. Kí ló ṣe é? Ó ń le láti jí láàárọ̀, ó sì ń yọ èéfín funfun. Àkànní, hítà mẹ́rin ló ń béèrè, àti kí wọ́n yọ nọ́sù lọ bá ẹni tó ń ṣe kálíbíréètì. Bó bá jẹ́ pé o kọ́kọ́ bi mí, ọjọ́ kan ni. Ó dára, ó ti lọ. Ẹyin tó bá fọ́ kì í ṣe é kó.

Ládípò ní Mushin lo ti ra 3RZ. Ẹ́ńjìnì dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Láti ara 4Runner tòkunbọ̀ ni, mo mọ irú rẹ̀ dunjú, mo ti tà á lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n ìhòòhò lo gbé e wálé. Ẹni tó bá ra irú ẹ́ńjìnì yìí, kó rà á pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n bí i mọ́: gíà rẹ̀, brain box rẹ̀, odidi wáyà rẹ̀ láìgé, họ́ọ̀sì rẹ̀, títí dé àpótí fílítà afẹ́fẹ́. Ìwọ ra irin, o wá ń ṣa ìyókù káàkiri. Brain box ti ọkọ̀ kan, wáyà ti òmíràn. Mo rí brain box náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Òjò kan ṣoṣo tó bá jò wọlé láti ara wíńdìsíkírìnì, o ti dúró sójú ọ̀nà nìyẹn. Wá ríwáyà tó mọ iṣẹ́, kí ó tú gbogbo rẹ̀, kí ó sì tún un tò.

Ọ̀rọ̀ tánkì ló kàn, òun ló sì dẹ́rù bà mí ju bíréèkì lọ.

Dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ epo onísùúrù. Bí o bá dà á sílẹ̀ nínú oòrùn Ìbàdàn, tí o ju ìṣáná sí i, ó lè pa ìṣáná náà, torí oru rẹ̀ kì í gbiná àfi bó bá gbóná kọjá ìwọ̀n 50 Celsius. Oru bẹntiróòlù ń gbiná kódà bí otútù bá tó 40 sísàlẹ̀ òdo. Kò sí wákàtí kan ní ilẹ̀ wa, lóru tàbí lọ́sàn-án, tí kò ṣe tán láti gbiná. Ìyẹn ni pé jíjò tí ọkọ̀ yẹn ń jò díẹ̀díẹ̀ nígbà ayé bàbá rẹ, tí a kàn ń fi àkísà nù, a kò gbọ́dọ̀ fojú bẹ́ẹ̀ wò ó mọ́.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo wo abẹ́ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọjọ́ orí mi yìí, fún ìwọ. Dísẹ́ẹ̀lì máa ń fi pọ́ǹpù ara rẹ̀ fa epo láti tánkì, kò nílò pọ́ǹpù iná. 3RZ nílò rẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n gbé e sí: ìta, lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ irin bí ẹni so ewúrẹ́. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fà láti ibẹ̀ wá sí ẹ́ńjìnì, ti kábúrétọ̀ ni. Mo tà á fún ọgbọ̀n ọdún, òkùnkùn ò lè fi í pamọ́ fún mi. Nínú ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, epo rọra ń kọjá nínú rẹ̀ ni. Nínú tìrẹ, nǹkan bí 40 psi ló ń fi tì í, ìyẹn ni bí afẹ́fẹ́ inú táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ru ẹrù. Ó ti ń wú níbi tí kílípù ti mú un. Ibi tó sì ń wú sí, Àkànní, kò jìnnà sí páìpù salẹ́ńsà ju ìka mẹ́rin lọ. Mo kà á. Ìka mẹ́rin.

Òórùn ń jáde níbẹ̀. O ò gbọ́ ọ ni, àbí òun náà ti mọ́ ọ lára?

O sọ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ní àwọn á gé orí tánkì náà kí wọ́n lè ti pọ́ǹpù bọ inú rẹ̀, kí wọ́n wá jó o padà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná sún mọ́ tánkì yẹn. Mo rí i rí. Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà kan ní ìlà kejì sí ṣọ́ọ̀bù wa gbé iná sí tánkì tí wọ́n sọ fún un pé ó ti gbẹ. Òótọ́ ni, kò sí epo nínú rẹ̀ mọ́, oru epo ló kún inú rẹ̀, oru yẹn gan-an ló sì ń bú. A gbọ́ ìró rẹ̀ títí dé títì. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò di nǹkan mú mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ sí iwájú ọjà.

Ra tánkì Hilux bẹntiróòlù, tòkunbọ̀, tí pọ́ǹpù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ìdérí rẹ̀ mọ bí a ti ń jẹ́ kí tánkì mí láìjẹ́ kí oru tú síta. Ìdọ̀tí ọgbọ̀n ọdún kò sì ní sí nínú rẹ̀, torí bẹntiróòlù máa ń ṣí ìdọ̀tí tí dísẹ́ẹ̀lì ti tẹ́ sílẹ̀, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ lọ di fílítà. Họ́ọ̀sì alágbára ni kí wọ́n fi so ó, kí wọ́n gbé e jìnnà sí salẹ́ńsà. Kí o sì ra ẹ̀rọ panápaná, èyí tí ohun inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn Road Safety ń béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó yẹ kí ìwọ náà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ.

Kí n tó gbàgbé: kọ BẸNTIRÓÒLÙ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń rọ epo. Ẹnu tánkì dísẹ́ẹ̀lì fẹ̀, họ́ọ̀sì epo méjèèjì ló ń wọ̀ ọ́. Gbogbo àwọn ọmọ tó ń ta epo ní òpópónà yín ló mọ píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ tí o bá rán ẹlòmíràn lọ ra epo, ohun tí ojú wọn mọ̀ ni wọ́n máa rọ sí i.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí wọn. Wọ́n gé ṣáàfùtì torí gíà tuntun, ó sì ń gbọ̀n bí o bá ti sáré, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìdí mi láná; kí wọ́n gbé e lọ bá onílátì tó lè ṣe báláǹsì rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tuntun kò wúwo tó 2L, imú ọkọ̀ wá gbé sókè díẹ̀, iná iwájú sì ń tàn sójú àwọn tó ń bọ̀. Kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Rédíétọ̀ dára.

Ṣùgbọ́n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ agbára tí o fi ń yangàn yẹn. 2L kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 85 lọ. 3RZ tó 150. Ọkọ̀ 1994 ni. Bíréèkì rẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀, sítíárì rẹ̀, agbára 85 yẹn ni wọ́n bá dàgbà. Bí ọkọ̀ bá ti lè sáré báyìí, tí kò sì lè dúró bó ṣe ń dúró tẹ́lẹ̀, ta ni agbára náà ṣe láǹfààní? Pààrọ̀ páàdì iwájú, jẹ́ kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, kí wọ́n wo ohun tó kù níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà Ọ̀yọ́ fún mi.

Ìwé ńkọ́? Wo bí o ṣe ń wo ilẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀ náà, nọ́ńbà 2L tó ti wà lọ́wọ́ àwọn onírin àlòkù báyìí. Ọlọ́pàá tó bá ní kí o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó fi ìwé wé ẹ́ńjìnì, kí lo máa sọ fún un? Rísíìtì tí wọ́n kọ fún ọ ní Ládípò, ibo ló wà? Inú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ìwé ìròyìn ti bò ó, àbí? Wá a rí. Gbé e lọ sí ọ́fíìsì láìsẹ́ǹsì, kí wọ́n yí nọ́ńbà náà padà. Ìnṣọ́ránsì náà, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ti yí. Láti oṣù Kìíní 2023, ₦15,000 ni ti ẹni-kẹta. Mo mọ̀ pé o san án. Má jẹ́ kí ó já sí òfo lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀.

Ibì kan wà tí o ti jàre, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. O ní torí gáàsì CNG náà ni o ṣe pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, pé ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù rọrùn láti gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ ni. Púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná ló ń jó gáàsì, dísẹ́ẹ̀lì kò sì ní in. Láti 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò CNG kalẹ̀, bí o bá fẹ́ dara pọ̀ lọ́la, mi ò ní dí ọ lọ́nà, bóyá owó rẹ á tibẹ̀ padà wálé. Kìkì pé ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni wàá gbé e lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ọkọ̀ kan bú níbi tó ti ń rọ gáàsì ní Benin City, àwọn èèyàn sì fara pa. Àgbá tí kì í ṣe ojúlówó, tí wọ́n jó pọ̀, ni àwọn tó ń bójú tó ètò náà sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Irú ọwọ́ tó ká ẹnu họ́ọ̀sì rẹ kò yẹn, òun náà ló ń jó irú àgbá bẹ́ẹ̀.

Gbé orí rẹ sókè. Mi ò pè ọ́ láti dójú tì ọ́. Ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ, ìwọ lo wa píkọ́ọ̀pù yẹn ṣíwájú òkú láti ilé dé ibojì, o ò sì ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ. Mo mọ ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ kó dẹnu kọlẹ̀ sẹ́yìnkùlé kí koríko hù bò ó, ni o ṣe ná gbogbo owó rẹ sí i. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí inú mi bàjẹ́ pé wọ́n gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ẹni tó bá yọ dísẹ́ẹ̀lì tó fi bẹntiróòlù rọ́pò rẹ̀, ẹ́ńjìnì kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí dísẹ́ẹ̀lì ń ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣe tìrẹ kò béèrè ohun tí pọ́ǹpù ẹ̀yìn alternator yẹn wà fún. Ó yọ ọ́, ó sì lọ jẹun.

Báyìí ni a ó ṣe ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ yìí kò kúrò lórí tábìlì. Ọ̀gá tó máa ń bá bàbá rẹ ṣe ọkọ̀ náà ń bọ̀ lọ́la ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ tèmi nígbà kan ni mo ti ra họ́ọ̀sì booster tuntun àti fáàfù rẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n wà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Fáàfù náà ní ibi tó yẹ kó kọjú sí, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lè jáde nínú booster kó má lè padà wọ ibẹ̀. Èmi fúnra mi á jókòó sórí àpótí títí wọ́n á fi dè é. Owó tánkì, a ó jọ san án, má bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Bí o bá ní ẹrù tí o fẹ́ gbé lọ́sẹ̀ yìí, sọ fún oníbàárà rẹ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Dìde, lọ fọ ọwọ́ rẹ, ọkọ mi, àmàlà ń tutù. Títí pẹ́dà yẹn á fi rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, má gbé ẹnikẹ́ni sínú ọkọ̀ náà, má sì gbé ara rẹ sínú rẹ̀.